Ibi Tó Bá Wù Yín

Ìkòkò kékeré kan wà lórí sítóòfù wa tí mi ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe tuntun. Etí rẹ̀ kan ti já, ìdí rẹ̀ ti dúdú, ọmọrí tó dé e kì í ṣe tirẹ̀. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá wọ ilé ìdáná, ìkòkò ńlá ni mo máa ń ṣí, màá bu ọbẹ̀ tèmi, màá jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí a ti Salvador dé, mi ò sì tíì wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí n má kọ́kọ́ wo kékeré yẹn. Màá dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó ṣèèṣì pàdé olówó rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ ibi tí tọkọtaya yóò ti jẹun lásìkò ìsinmi ló bí gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó jọ ọ̀rọ̀ kékeré. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Ó yan ìlú, mo yan oúnjẹ

Ìyàwó mi ló yan Salvador. Ọdún kẹtàlélógún tí a ti ṣègbéyàwó nìyẹn, àbíkẹ́yìn wa ti wọ yunifásítì, London sì ti sú àwa méjèèjì. Paris ló wà lọ́kàn tèmi, torí pé ó súnmọ́. Ó ní Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl ni òun fẹ́, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde gan-an, kì í ṣe ìgbà mìíràn. Ọmọ Popo Àgùdà ni lÉkòó, àdúgbò àwọn tí àwọn baba ńlá wọn ti Bràsíl padà wálé, Kàtídírà Holy Cross ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un, láti kékeré ló sì ti ń gbọ́ orúkọ Bahia lẹ́nu ìyá ìyá rẹ̀. Mo ní kò burú. Bí a ti san owó ọkọ̀ òfuurufú tán, mo ní kó fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ sílẹ̀ fún mi.

Àwọn tó mọ̀ mí á ti mọ ohun tó kàn. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe jẹun. Mo ṣí Excel. Mo kó orúkọ ilé oúnjẹ mọ́kànlá sínú rẹ̀: ìràwọ̀ mélòó ló ní, èèyàn mélòó ló sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, báwo ló ṣe jìnnà tó sí ilé tí a máa dé sí ní Santo Antônio, èló ni ẹni méjì máa ná níbẹ̀. Èyí tí ìràwọ̀ rẹ̀ kò bá tó 4.6, mo yọ ọ́ dànù. Alaalẹ́ ni mo ń gbé fóònù lọ bá ìyàwó mi ní pálọ̀. "Èyí ńkọ́?" Yóò wò ó fìrí, yóò ní, "Ibi tó bá wù yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nígbà náà. Mo kà á sí pé ó fọkàn tán mi.

Ẹ wo "yín" yẹn dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè. Ẹnì kan ṣoṣo tí a bọ̀wọ̀ fún, "yín" ni. Ogún èèyàn, "yín" náà ni. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń fi bá mi sọ̀rọ̀, ó sì wá rí létí mi bí ẹni pé ó ti ka ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ibi tó bá wù yín, ó ti wù wá nìyẹn. Mi ò dúró gbọ́ pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò sí nínú gbólóhùn náà.

Ìṣaasùn ẹlẹ́ni méjì

Ọjọ́ kejì tí a débẹ̀ ni Excel kọ́kọ́ dójú tì mí. Ilé oúnjẹ tí mo yàn kò ju 700 mítà lọ sí ibi tí a dúró sí, bí fóònù ṣe wí. Ṣùgbọ́n Salvador jọ ilé alájà méjì: apá kan wà lókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, apá kejì wà nísàlẹ̀ létí omi. A dúró sétí òkè, a ń wo páànù ilé oúnjẹ náà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ẹ̀rọ agbéniròkè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Elevador Lacerda, láti 1873 ló ti ń gbé èèyàn gòkè tó sì ń gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ níbi tó ga tó 72 mítà, ṣùgbọ́n ìlà tó wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́. Fóònù mi mọ jíjìn, kò mọ gíga. Lọ́jọ́ Ajé, èyí tí mo fi sí i ti ilẹ̀kùn pa. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ níbẹ̀ máa ń sinmi lọ́jọ́ Ajé. Mo ti ka ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún èèyàn lórí ibi yẹn, mi ò wo ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la tó jẹ èyí tí mo ti fi ọkàn sí láti London: moqueca. Ẹja tàbí edé ni, wọ́n á sè é pẹ̀lú àlùbọ́sà, tòmátì, tàtàṣé, omi àgbọn àti epo pupa nínú ìṣaasùn amọ̀, wọ́n á sì gbé ìṣaasùn náà wá sórí tábìlì bó ṣe ń hó. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbèrò àtilọ, ẹ fọkàn sí i pé iye tí ẹ máa rí níwájú moqueca sábà máa ń jẹ́ ti ẹni méjì. Ìṣaasùn kan, àwo méjì. Búrẹ́dì tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ béèrè, wọ́n sábà máa ń gba owó rẹ̀. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n máa fi kún owó fún ẹni tó gbé oúnjẹ, òfin kò sọ pé dandan ni, ṣùgbọ́n ojú èmi kò tó o láti ní kí wọ́n yọ ọ́.

Mo rò ó pé kò sí oúnjẹ tó yẹ lọ́kọláya tó báyìí. Ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ bi wá léèrè irú èyí tí a fẹ́. Mo ní edé. Mo ní kí ata rẹ̀ pọ̀. Ó yíjú sí ìyàwó mi. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ìka tọ́ka sí mi.

Ìrẹsì funfun ló jẹ jù lálẹ́ ọjọ́ náà, àti gaàrí tí wọ́n fi epo yan tí wọ́n ń pè ní farofa. Ó ń fi ṣíbí gba etí ìṣaasùn bí ọmọdé tí wọ́n ní kó má bu púpọ̀. Ó mu omi ìgò méjì. Mo ní àárẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú ni kò tíì kúrò lára rẹ̀, mo jẹ ìyókù. Nígbà tí a délé, mo kọ 5 síwájú orúkọ ilé oúnjẹ náà.

Gbígbóná àbí tútù?

Lálẹ́ ọjọ́ Rú, àdúgbò Rio Vermelho la lọ. Mo ti gba tábìlì sílẹ̀ síbì kan láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Gó-sílóò dá wa dúró, a pẹ́ ní ogún ìṣẹ́jú, wọ́n sì ti fi tábìlì wa fún àwọn ẹlòmíràn. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń fi fóònù túmọ̀ èdè, mo ń bínú ní èdè Potogí tí mi ò gbọ́. Nígbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, ìyàwó mi kò sí níbẹ̀ mọ́.

Largo de Santana ni mo ti bá a, gbàgede kan tí kò jìnnà, tó tò sẹ́yìn àwọn èèyàn níwájú àtẹ ìyá alákàrà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìyá náà ṣe rí. Ó wọ aṣọ funfun, yẹ̀rì rẹ̀ gbòòrò débi pé kò sẹ́ni tó lè rí àpótí tó jókòó lé. Gèlè funfun, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Agbada epo pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgbákọ onígi gígùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ń lu ẹ̀wà lílọ̀ títí ó fi ń hó fùkẹ̀fùkẹ̀. Ó bù ú, ó rọra jẹ́ kó yọ̀ sínú epo, epo dáhùn ṣàà. Èmi tí mo ṣì ń bínú, itọ́ kún mi lẹ́nu. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹ pè é sókè, etí yín á sọ ìyókù fún yín.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìyá yìí lórí àkójọ mi. Láti 2005 ni ìjọba Bràsíl ti kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé ogún ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè náà, ṣùgbọ́n a kì í gba tábìlì sílẹ̀ nídìí àtẹ, nítorí náà Excel mi kò mọ̀ wọ́n.

Ó kàn wá. Ìyá náà gbójú sókè, ó ní, "Quente ou frio?"

Mo mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì, mo ti kọ́ wọn lórí fóònù. Gbígbóná àbí tútù. Mo ní lọ́kàn mi pé ta ni yóò jẹ àkàrà tútù nígbà tí èyí tó gbóná ń bẹ nínú epo. Mo na ìka méjì sókè, mo ní, "Quente! Quente!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn wa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ó rọra ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe ti iná. Ata ni ìyá ń béèrè. Quente ni ti ẹni tó fẹ́ ata, frio ni ti ẹni tí kò fẹ́. Ẹ̀rín pa mí. Mo kọjú sí ìyàwó mi, mo ní, "O ò rí nǹkan? Wọ́n ń bi ọmọ Yorùbá bóyá ó ń jata. Ẹ̀mí tí kò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ." Ìyá ti fi ata sí tèmi. Ó ti bu tìkejì, ṣíbí wà lókè àkàrà náà, ó kù kó dà á.

Ìyàwó mi na ọwọ́ síwájú.

"Frio," ó ní. "Tèmi, frio."

Ìyá dá ṣíbí padà sínú abọ́. Kò bá a jà, kò bi í ní ìdí. Ó fi edé kún un, ó fi bébà wé e, ó nà án sí i.

A jókòó sórí ògiri kúkúrú kan. Ó jẹ ẹ́ tán pátá. Epo ń ṣàn lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ó lá a. Mi ò rántí ìgbà tí mo rí i kó jẹun báyẹn gbẹ̀yìn.

"Ṣé inú ń run ọ́ ni?" mo bi í.

"Inú ò run mí."

"Kí ló wá dé tí o ò gba ata?"

"Mi ò fẹ́ràn ata, Bàbá Dàpọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Bàbá wa ní ọgbẹ́ inú, abọ́ ọ̀tọ̀ ni Màmá máa ń gbé ata sí nílé wa."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí rí. Ìyá yìí ló kọ́kọ́ bi mí."

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó wọ̀ mí lára. Ó wá rán mi létí ọjọ́ kan, oṣù kejì tí a fẹ́ra, tí ìyá mi ti Ìbàdàn wá kí wa. Ìyá mi tọ́ ọbẹ̀ wò, wọ́n gbé ṣíbí kalẹ̀. "Ìyàwó, ṣé ọbẹ̀ aláìsàn lò ń sè fún ọmọ mi?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù. Mo rántí ẹ̀rín náà dáadáa, ohun tí mi ò rántí ni bóyá ìyàwó mi bá wa rín in. Láti ọjọ́ náà ló ti máa ń bu ọbẹ̀ tirẹ̀ sọ́tọ̀ kó tó da ata rodo tó kẹ́yìn sínú ìkòkò ńlá.

"Àwọn ọmọ ni mo rò pé ó ni ìkòkò kékeré yẹn," mo sọ fún un.

"Dàpọ̀ ń jata jù yín lọ."

Àwọn ọmọ ti kúrò nílé, ìkòkò kékeré ṣì ń jókòó sórí sítóòfù lójoojúmọ́. Ojú mi ń rí i. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, èmi tí mo ń wá kọ́bọ̀ tó sọnù nínú owó olówó kò ka iye ìkòkò tó wà nílé ara mi.

Ata ọ̀hún gan-an

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: ṣé kò lẹ́nu ni? Èmi náà bi í lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Ta ló fẹ́ jẹ́ Yorùbá tí kò jata?" Òwe tí mo fi ń ṣàwàdà láti ọjọ́ yìí wá, èébú ló ń gbọ́ nínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti pa á lórí oúnjẹ, mo ti fi pa á lẹ́nu mọ́ nìyẹn.

Ohun tó tún wá fún mi lẹ́rìn-ín àti ìtìjú pọ̀ ni pé ata fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Rodo, ṣọ̀mbọ̀, tàtàṣé, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀. Lẹ́yìn tí Columbus wọkọ̀ dé ọ̀hún ní 1492 ni irú wọn tó ré òkun kọjá wá bá wa. Ataare àti iyèré ni àwọn baba wa fi ń mú ọbẹ̀ ta kó tó dìgbà náà. Nígbà náà, ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí, ata wo ló ní lọ́kàn? Èmi tí mo ń fi ata yangàn ní gbàgede Rio Vermelho, ìlú ata ni mo wà, àwọn onílé sì ń béèrè lọ́wọ́ oníkálukú bóyá ó fẹ́ tàbí kò fẹ́.

Wọ́n lè béèrè nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe oúnjẹ náà. Nílé, kí ẹ̀wà tó dé inú epo ni ata rodo ti wà nínú rẹ̀, a ti lọ̀ wọ́n pọ̀, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ mọ́. Ti Bahia, ẹ̀wà bíbó, àlùbọ́sà àti iyọ̀ ni. Bó bá jinná, wọ́n á là á láàárín, wọ́n á ki vatapá sí i, èyí tí wọ́n fi búrẹ́dì, edé gbígbẹ, ẹ̀pà, omi àgbọn àti epo pupa rò. Wọ́n á fi caruru sí i, ìyẹn ọbẹ̀ ilá wọn, àti tòmátì. Abọ́ ọ̀tọ̀ ni ata ń gbé, bíi ti ilé ìyá ìyàwó mi gẹ́lẹ́. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun pa àkàrà mọ́, wọ́n pa àkàsà mọ́, acaçá ló ń jẹ́ lẹ́nu wọn. Èmi tí ẹnikẹ́ni kò kó lọ síbì kankan, mi ò pa oúnjẹ tí aya mi fẹ́ràn mọ́.

Lóru ọjọ́ náà, mo gbìyànjú láti ka oúnjẹ márùn-ún tó fẹ́ràn. Mo mọ èyí tí Dàpọ̀ fẹ́ràn, mo mọ ti àbúrò rẹ̀, mo mọ èyí tí pásítọ̀ wa kì í fọwọ́ kàn. Tirẹ̀, mo dé orí méjì, mo dúró, ọ̀kan nínú méjèèjì kò sì dá mi lójú. Gbogbo ìkòkò ilé wa ló ní orúkọ ẹni tó ni ín: ọbẹ̀ Dádì, ìrẹsì àwọn ọmọ, àsáró Màmá Ìbàdàn. Ẹni tó ń dáná ni kò ní ìkòkò kankan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, àfi èyí tí etí rẹ̀ ti já. Mo sì wá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ìlú tí èèyàn inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 2, mo ń bi í lóòrọ̀ kùtùkùtù pé níbo ló fẹ́ kí á ti jẹun. Kí ni ì bá sọ? Ibi tó bá wù yín ni.

Ìràwọ̀ 4.8 tí mo ń tọ̀ lẹ́yìn, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àlejò ló fún ibẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ti bá ìyàwó mi jókòó ti oúnjẹ rí.

Lórí ìwọ̀n

Mo gbé fóònù fún un ní Ọjọ́bọ̀, mo ní kó yan tiwa fún ọjọ́ kejì tí í ṣe Ọjọ́ Ẹtì Rere. Ó ní, "Ibi tó bá…" Mo dákẹ́, mo ń wò ó. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó dá fóònù padà fún mi, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá obìnrin tó ń tún ilé tí a dé sí ṣe, ó bi í níbo ló ti máa ń jẹun ọ̀sán. Mi ò gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ láìgbédè ara wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn dé òkè lọ́dọ̀ mi.

Búkà onípáànù kan ni wọ́n júwe fún un, èyí tí wọ́n ń fi kíló ta oúnjẹ níbẹ̀. Irú rẹ̀ pọ̀ ní Bràsíl. Ẹ ó mú àwo, ẹ ó máa bu ohun tí ẹ bá fẹ́ lọ lórí tábìlì gígùn, ìdí ìwọ̀n lẹ máa parí rẹ̀ sí, bó bá ṣe wúwo tó ni owó rẹ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń jẹ̀pà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń jẹ imumu. Kò sẹ́ni tó máa bá ẹnikẹ́ni yan oúnjẹ. Ká ní wọ́n ní kí n fún ibẹ̀ ní ìràwọ̀ lójú ẹsẹ̀ tí mo wọlé ni, mi ò ní fún un ní mẹ́ta. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù, àga oníke ni wọ́n kó síbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n kan sì ń pariwo lókè.

Ìyàwó mi ń lọ níwájú mi. Ó bu ẹja. Ó bu caruru. Ó wá dúró níwájú abọ́ kan, kò kúrò níbẹ̀ mọ́, àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yà kọjá wa. Ẹ̀wà ni, wọ́n ti lọ̀ ọ́ kúnná, omi àgbọn ló fi ṣàn, ó ń dán. Wọ́n kọ "feijão de leite" sí iwájú rẹ̀.

"Frejon," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ó tún un sọ. "Frejon màmá mi."

Gbogbo ọmọ Àgùdà lÉkòó ló mọ frejon tí wọ́n máa ń sè ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, ẹ̀wà tí wọ́n sẹ́ tí wọ́n fi omi àgbọn àti ṣúgà díẹ̀ sè. Àwọn ará Bahia ń se tiwọn lọ́sẹ̀ kan náà. Ìdí tó fi tẹnu mọ́ ọn ní London pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni òun fẹ́ lọ nìyẹn. Mo ti rò pé owó ọkọ̀ ló ń ṣọ́.

Ó bù ú títí ó fi kan ẹja. A dé ìdí ìwọ̀n. Tèmi jẹ́ gíráàmù 480. Tirẹ̀ jẹ́ 655. Ọmọbìnrin tó wà nídìí ìwọ̀n wo àwo méjèèjì, ó wò wá, ó rẹ́rìn-ín.

A rí ibì kan jókòó sí lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ìgò ata kékeré kan wà láàárín tábìlì, àwọn ata wẹẹrẹ pupa àti ofeefee rẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú epo. Ìyàwó mi mú un, ó gbé e sí iwájú mi.

"Ata yín rèé," ó ní, ó sì kọjú sí àwo rẹ̀.